Èyí Tí À Ń Ta àti Èyí Tí À Ń Gbá

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Adó-Èkìtì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Ibi tí ẹnu mi ti kọsẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin àbúrò mi tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, tí ẹ ń wo fóònù lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé mi ò rí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn. Géèmù àtijọ́ kan wà tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, Final Fantasy VII lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti tún un ṣe lákọ̀tun, ó ń dán gbinrin. Èwo ni kí ẹni tí kò gbá ìkankan nínú wọn rí kọ́kọ́ mú? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti mú ìdáhùn láti ilé wá: tuntun ni, kí la fẹ́ fi èyí tó ti gbó ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi ti pàdé rẹ̀. Ẹni tó ń dájọ́ láàrin ẹni méjì, tó sì jẹ́ ìbátan ọ̀kan nínú wọn, ó yẹ kó jẹ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, màá máa pe ti àtijọ́ ní àkọ́dá, màá máa pe èyí tí wọ́n tún ṣe ní àtúndá.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1997, nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kí ìpínlẹ̀ wa pé oṣù mẹ́rin, ni ilé iṣẹ́ Square gbé Final Fantasy VII jáde ní Jàpáànù. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ìkan nínú wọn ni wọ́n ti tún ṣe. (Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà iwájú kò rẹ́rìn-ín.)

Irú géèmù tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ́. Ìtàn ni. Wàá di ẹnì kan nínú ìtàn, wàá máa rìn láti ìlú dé ìlú, wàá máa bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wàá máa jà, agbára rẹ á sì máa ga díẹ̀díẹ̀. RPG ni wọ́n ń pè é. Ó lè gbà ọ́ tó ogójì wákàtí kí o tó rí ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 2000, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Ajílósùn, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gẹ irun. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, PlayStation mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kan níta tí a sọ ní Ìyá Àgbà nítorí bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó dákẹ́. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń gbá níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, owó á wọlé. Èmi wá lọ rí sídíì kan nínú páálí, tí wọ́n fi bírò kọ FF7 sí lára, mo ní òun ni mo fẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù wò mí bí ẹni tó wọ mọ́tò akérò tó wá ní òun fẹ́ tẹ́ ẹní. Ó ní kí n máa san owó wákàtí, kí n sì lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ ògiri, èyí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

Ìràwọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, ojú ọmọbìnrin kan nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ń tàn sí i lójú (lórí tẹlifíṣọ̀n tèmi, mi ò mọ̀ bóyá géèmù ló ni àwọ̀ ewé náà ni tàbí tẹlifíṣọ̀n). Ó rìn jáde sí títì, àwòrán fà sẹ́yìn, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí mo fi rí i pé ìlú ńlá kan ni, tó rí bí àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n gbé lé orí òpó. Ó tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà síbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wọlé, ọmọkùnrin kan tó gbé idà tó ga tó òun fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn sì bẹ́ sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Cloud lorúkọ rẹ̀. Kò ní ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí ọmọ odó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò lè dìde lórí àga yẹn mọ́.

Ìtàn náà, ní kúkúrú: ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Shinra ń fa ẹ̀mí ilẹ̀ jáde, ó ń fi ṣe iná mànàmáná, ilẹ̀ sì ń kú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ní ìlú yẹn, Midgar, iná kì í lọ rárá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún ọmọ Adó pé àlọ́ ni mò ń wò nìyẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé sídíì mẹ́ta ni géèmù náà. Mo gbá a fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán mi ń lọ síbẹ̀, mo fi mẹ́mọ́rì káàdì mi, èyí tí ibi tí mo gbá géèmù dé wà nínú rẹ̀, sínú agolo mílíìkì kí ẹnikẹ́ni má baà fi bọ́ọ̀lù pa tèmi rẹ́. Mo dé ibì kan tí ẹnì kan ti kú. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n náà pa ẹnu mọ́. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú omi, ó ń rì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, títí kan àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó yá, ojú tẹlifíṣọ̀n ní kí n fi sídíì kejì sí i.

Mo wo oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù wò mí. Ó ní, "Èwo ni kejì?"

Ọdún méjì ni mo fi ṣọ̀fọ̀ kí ìbátan wa kan tó bá mi rí sídíì tó kù n'Íbàdàn. Ìbátan àkọ́dá ni mí nìyẹn. Mo ti jẹ́wọ́.

Ó wá di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, àtúndá jáde: Final Fantasy VII Remake. Mo rí ojú Cloud. Ó ní ẹnu. Ó ní irun ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ní ìka márùn-ún. Orin tí ẹ̀rọ kékeré inú PlayStation àtijọ́ ń dún bí agogo kẹ̀kẹ́ ti di ti ẹgbẹ́ olórin gidi. Mi ò ní purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Àtúndá yìí kò ju ìlú Midgar lọ. Ohun tí àkọ́dá fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sọ, àtúndá fi ju ọgbọ̀n wákàtí sọ ọ́. Ìbànújẹ́ ni fún àwọn kan. Èmi kì í ṣe ara wọn pátápátá. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jessie, òun ló ń ṣe bọ́ǹbù fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Nínú àkọ́dá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ó dé, ó lọ. Nínú àtúndá, ẹ óò bá a délé lálẹ́. Ìyá rẹ̀ á gbé pisá kalẹ̀ fún àwọn àlejò, á máa yọ̀ pé ọmọ òun ní ọ̀rẹ́. Nínú yàrá kejì, bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ tí kò mọ ẹni tó wọlé, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná yẹn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àṣé ìdí tí ọmọ yìí fi ń ṣe bọ́ǹbù nìyẹn. Ogún ọdún ni mo ti mọ Jessie, n kò mọ̀ pé ó ní bàbá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìjà, torí ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ní èdè wa, a kì í gbá ayò. À ń ta ayò ni. A kì í sì í ta bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní òun ń ta bọ́ọ̀lù, a ó bi í pé èló ni. Ohun tí à ń ta ní àyè ìrònú nínú: ọ̀ta ayò jókòó, ọmọ 48 wà nínú ihò 12, ó ń fi ojú kà wọ́n, ó ń wo ibi tí ọwọ́ òun yóò parí sí kó tó kó wọn. Ohun tí à ń gbá kò ní irú sùúrù yẹn. Bó o bá ronú, wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ.

À ń ta àkọ́dá ni. Ìlà kékeré kan wà níwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń kún lọ. Tó bá kún, ọwọ́ kan ọ́: ṣé wàá fi idà gé e, ṣé wàá pe iná lé e lórí, ṣé wàá fún èkejì rẹ lóògùn? O lè tò ó kí ọ̀tá dúró nígbà tí o bá ń wá oògùn nínú àpò, o sì lè tò ó kí ó má dúró. Ayò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ẹ jọ ń ta á kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìfaradà.

À ń gbá àtúndá ni. Bó o ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ni idà ń fò, wàá máa yẹ̀, wàá máa gba idà dúró, gbígbá tó o bá ń gbá wọn ló ń kún ìlà náà. Ìgbà tó bá wá kún tó o ṣí i, ayé á falẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, wàá wá mú oògùn tàbí idán. Wọ́n fi ìtayò díẹ̀ sí àárín ìgbábọ́ọ̀lù. Ó dùn. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo yín pé ó dùn. Wọ́n tún fi ètò kan sí i fún àwa arúgbó, Classic lorúkọ rẹ̀, níbi tí Cloud á máa jà fúnra rẹ̀ tí tìrẹ kàn jẹ́ kí o yan àṣẹ. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń bá a ta ayò tí òun kàn ń na ìka.

Mo gbé àkọ́dá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15. Ó wo ìjà fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí wọ́n tò bí ẹni tó ń dúró de akọ̀wé báńkì?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè dúró, kò lè ta ayò, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Àkọ́dá ní àbùkù tirẹ̀ tí kì í ṣe ti ọwọ́ ọmọ odó nìkan. Ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò dára tó. Ọ̀tá ńlá àkọ́kọ́ tí wàá bá pàdé rí bí àkeekèé. Tó bá gbé ìrù sókè, ẹni tó bá lù ú gba iná lójú, dídúró ló yẹ kí o dúró. Cloud ṣe ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ni pé kí o lù ú nígbà tí ìrù rẹ̀ wà lókè! Ẹ̀mẹta ni mo kú níbẹ̀ nítorí pé mo jẹ́ ọmọ tó ń gbọ́ràn. Nínú àtúndá, kò sí irú ìyẹn.

Ẹnì kan lẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ: pé ìyàtọ̀ poundo sí iyán odó ni. Èkìtì la wà, mo ti ń retí rẹ̀. Rárá o. Poundo fẹ́ kí o gbàgbé pé odó wà. Àtúndá yìí kò fẹ́ kí o gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé lónìí wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ gba Ìkẹ́rẹ́ dé ibẹ̀.

Ẹ mọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ti di gbajúmọ̀ agbẹ́gilére. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lápá kan, ọba jókòó lórí ìtẹ́, ayaba dúró tì í lẹ́yìn. Lápá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn ènìyàn gbé ń bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó bí ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ṣe ìtẹ́ kan nílùú wọn fún Ògògà, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, ìlẹ̀kùn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ní, lẹ́yìn ọdún 23, wọ́n ní kí Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé òyìnbó yẹn á ṣì jókòó bó ṣe jókòó? Ọwọ́ rẹ̀ á ti yàtọ̀, ojú tó fi ń wo òyìnbó náà á ti yàtọ̀. Ó lè gbẹ́ ọba kó máa wo ẹ̀yìn òyìnbó bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá wá dúró níwájú ìlẹ̀kùn kejì láì rí ti àkọ́kọ́, á sọ pé ó lẹ́wà, á sì kọjá lọ. Kò ní mọ̀ pé òyìnbó yẹn ti yíjú.

Àwọn tó ṣe àtúndá kì í ṣe àlejò. Tetsuya Nomura tó ya àwọn ènìyàn inú àkọ́dá, ẹni ọdún 26 ni nígbà yẹn. Òun ló darí àtúndá, nígbà tó ti di ẹni ọdún 49. Yoshinori Kitase tó darí ti àkọ́kọ́ ló ṣe alábòójútó ti kejì. Kazushige Nojima kọ ìtàn nígbà náà, ó tún wà nídìí ìtàn nígbà yìí. Wọ́n padà wá bá iṣẹ́ ìgbà èwe wọn, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá a sọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ rèé. Nínú àtúndá, àwọn òjìji kan wà tí kò sí nínú àkọ́dá rárá, aláwọ̀ eérú, wọ́n fi aṣọ borí, wọn kò ní ojú. Ìgbàkígbà tí ìtàn bá fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà tó gbà ní 1997, wọ́n á tú jáde bí eṣú, wọ́n á dá a padà. Ẹ gbọ́ èyí: àwọn ọ̀dọ́ yẹn fẹ́ lọ fọ́ ẹ̀rọ kejì, wọ́n ní Cloud kò ní bá àwọn lọ. Ní 1997, ó lọ. Kí wọ́n tó lọ, òjìji ti dé, wọ́n kọlu wọn, ẹsẹ̀ Jessie fi ṣèṣe, wọ́n wá bẹ Cloud pé kó rọ́pò rẹ̀. Ó lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo èyí, ó ní, "Kí ni àwọn alágbádá eérú yìí ń wá káàkiri?" Èmi, gbogbo ara mi ti bù máṣọ. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ mọ àkúnlẹ̀yàn, ẹ mọ oníbodè tí ènìyàn rojọ́ fún kó tó wá sáyé, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni padà wá yí ohun tó sọ. Oníbodè ni àwọn òjìji yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni géèmù tí mo gbá ní Ajílósùn. Ní òpin àtúndá, Cloud àti àwọn tirẹ̀ yóò dojú idà kọ oníbodè náà, kí wọ́n lè lọ síbi tí a kò yàn fún wọn. Ẹni tí kò mọ ohun tí a yàn, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀ ju eérú lọ?

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ta àkọ́dá nìyẹn. Kì í ṣe torí pé àgbà ni. Mo mọ géèmù tí mo máa ní kí ẹ fi ògbólógbòó rẹ̀ sílẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Pokémon Red àti Green ti 1996, ẹ gbá FireRed tàbí LeafGreen ti 2004, ẹ ò pàdánù nǹkan tó pọ̀. Dragon Quest III ti 1988, wọ́n tún un ṣe ní 2024, títa ni wọ́n ṣì ń ta á, ó kàn wọ aṣọ tó dára ni. Demon's Souls ti 2009 àti ti 2020, ilé kan náà ni, wọ́n kàn kun ún lọ́dà ni. Àwọn ìyẹn rọ́pò àkọ́dá wọn. Final Fantasy VII Remake kò rọ́pò tirẹ̀, ó ń fún un lésì. A kì í ka èsì lẹ́tà ṣáájú lẹ́tà.

Ẹ gbọ́ ti owó náà. Sídíì mẹ́ta ìjọ́sí lápapọ̀ kò tó gígábáìtì méjì àbọ̀. Ó wà lórí fóònù, ó wà lórí kọ̀ǹpútà, ó wà lórí ẹ̀rọ géèmù PS4 àti Switch, níbi tí bọ́tìnnì kan wà tó ń mú un sáré ní ìlọ́po mẹ́ta, tí òmíràn sì ń lé àwọn ọ̀tá ojú ọ̀nà dànù. Ọmọ tí kò lè dúró ní báńkì, ẹ fi ìyẹn lò ó. Àtúndá lé ní 80 gígábáìtì. Apá kejì rẹ̀, Rebirth, lé ní 100. Ẹni tó bá fẹ́ fi dátà fà á wálẹ̀, kó kọ́kọ́ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. PS4 kò sì ní bátìrì. Bí iná bá lọ níbi tí àkeekèé ti gbé ìrù sókè, ibi tí o ti fi pamọ́ kẹ́yìn lo máa padà sí. Fóònù ní tirẹ̀ á ṣì máa tàn nínú òkùnkùn.

Nígbà ìbéèrè, àwọn àgbà bi mí bóyá géèmù kì í ba ìwé kíkà jẹ́. Mo ní ó ba tèmi jẹ́ fún sáà kan. A kúrò níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá dìde láti ẹ̀yìn pátápátá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti gbá Remake, mo ti gbá Rebirth. N kò fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ rí. Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn?"

Mo bi í pé níbo ni Rebirth dá a dúró sí. Ó ní ìlú tó ṣófo yẹn ni, níbi tí omi wà. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ mọ ibẹ̀, sà."

Ọdún 2024 ni Rebirth jáde, géèmù ńlá méjì ni wọ́n ti ṣe, apá kẹta là ń dúró dè, ibi tí wọ́n sì gbé ọmọ yìí dé kò kọjá ibi tí sídíì àkọ́kọ́ parí sí. Mo sọ fún un pé mo ti jókòó síbẹ̀ rí, nídìí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ewé, fún ọdún méjì.

Ó ní, "Kí ló wá wà nínú sídíì kejì?"

Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ wá.